Ṣé ọmọ tí kò wo ojú olùkọ́ ń gbọ́?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí i. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 13. Olùkọ́ kan tí a jọ ń kọ́ wọn gbà pé ọmọ tí kò bá wo ojú olùkọ́ kò gbọ́ nǹkan kan. "Ojú lọ̀rọ̀ wà" ló máa ń wí. Kì í bẹ̀rẹ̀ àlàyé àfi tí gbogbo ojú bá wà lára rẹ̀, kíláàsì rẹ̀ sì máa ń parọ́rọ́ ju tèmi lọ, n kò lè parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé fèrèsé tàbí orí tábìlì ló máa ń wò, òun náà ló sì máa ń rí ìdáhùn àwọn ìbéèrè tó le jù. Ẹnìkejì mi ní àfojúdi ni, ó sì ti ń bá a wí lójú gbogbo ẹgbẹ́. Mo tún kà á níbì kan pé 93 nínú 100 ohun tí àwa ènìyàn ń bá ara wa sọ ni kì í ti ẹnu jáde. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni mo ṣe ń fi òru múra àlàyé sílẹ̀? Kí ni kí n máa wò lára àwọn ọmọ, kí ló sì yẹ kí wọ́n máa rí lára mi?

* * *

Ẹ má fi tipátipá mú ọmọ náà wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo sọ ìyẹn ṣáájú àlàyé, torí ọmọ tí wọ́n ń bá wí lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè dúró dìgbà tí àwa àgbà bá parí àríyànjiyàn.

Wíwo ojú ènìyàn gba agbára lọ́wọ́ ọpọlọ. Ojú kún fún ọ̀rọ̀: ṣé inú ń bí i ni, ṣé ó ti sú u, ṣé ó fara mọ́ ohun tí mò ń sọ? Ọmọ tó ń ka gbogbo ìyẹn lójú olùkọ́ kò lè fi odindi ọkàn ṣe ìṣirò. Ìdí nìyẹn tí àgbà gan-an fi máa ń gbójú sókè àjà tàbí kó tẹjú mọ́lẹ̀ bí wọ́n bá bi í ní ohun tó gba ìrònú. Arthur Glenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn lórí èyí jáde ní 1998: bí ìbéèrè bá ṣe ń le sí i ni àwọn tí wọ́n ń bi léèrè ń gbójú kúrò sí i, gbígbójú kúrò yẹn sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti rántí. Ní ti àwọn ọmọdé, Gwyneth Doherty-Sneddon àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn ní 2006 pé àwọn ọmọ ọdún 5 tí wọ́n kọ́ láti máa gbójú kúrò nígbà tí wọ́n bá ń ronú dáhùn ìbéèrè dáadáa ju àwọn tí wọn kò kọ́ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ tó ń wo fèrèsé lẹ́yìn tí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lè jẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ jù nínú yàrá yẹn.

Wíwò náà ní àkókò tirẹ̀ o. Bí mo bá ń fi bí a ṣe ń lo kọ́ńpáàsì hàn wọ́n, ojú gbọ́dọ̀ wà lára kọ́ńpáàsì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí àṣẹ náà ṣe yẹ kó rí: "ẹ wo ọwọ́ mi", "ẹ wo ìlà kejì lójú pátákó". "Ẹ wò mí" kò sọ ohun tí ọmọ fẹ́ rí fún un. Tí ẹ bá ti béèrè ìbéèrè tán, ẹ tú ojú wọn sílẹ̀.

* * *

Ẹ gbàgbé 93 yẹn. Ó máa ń dùn mí bí wọ́n ṣe ń fi í kọ́ àwọn olùkọ́ tuntun bí ẹni pé òfin ni. Ìwádìí méjì tí Albert Mehrabian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 1967 ló ti wá. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo tí a fi oríṣiríṣi ohùn pè, wọ́n tún fi àwòrán ojú hàn wọ́n, kí wọ́n wá sọ bóyá ẹni tó sọ̀rọ̀ fẹ́ràn ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ tàbí kò fẹ́ràn rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣírò 7 nínú 100 fún ọ̀rọ̀, 38 fún ohùn, 55 fún ojú; ohùn àti ojú ló di 93. Mehrabian fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ gbangba pé ibi tí ènìyàn bá ti ń sọ bí nǹkan ṣe rí lára rẹ̀, bóyá ó fẹ́ tàbí ó kọ̀, nìkan ni ìṣirò yẹn bá mu. Kò sí olùkọ́ tó lè fi ojú àti ohùn ṣàlàyé bí a ṣe ń ro ìdá méjì pọ̀. Àlàyé tí ẹ ń fi òru múra sílẹ̀, ẹ má dẹwọ́ níbẹ̀.

Ohun tí mo gbà nínú rẹ̀ rèé: bí ẹnu bá sọ ọ̀tọ̀ tí ojú sọ ọ̀tọ̀, ojú ni ọmọ máa gbà gbọ́. Ẹ ní "kò burú, tún un gbìyànjú", kí ẹ sì mí kanlẹ̀ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Mímí yẹn ni ọmọ máa gbé lọ sílé. Níbi tó bá kan bí inú olùkọ́ ṣe rí sí ọmọ, ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, ẹnìkejì yín kò jẹ̀bi. Ibi tó ti ṣì í ni pé ó ń fi ojú ọmọ wọn ìmọ̀ ọmọ.

* * *

Mo mọ ohun tí àwọn tó gbè sẹ́yìn rẹ̀ máa sọ. Wọ́n á ní ṣebí kíláàsì rẹ̀ parọ́rọ́, kí la tún ń wá?

Mo fẹ́ràn kíláàsì tó parọ́rọ́. Ariwo máa ń jẹ́ kí ọmọ tó jókòó lẹ́yìn pàdánù ìdajì àlàyé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti pẹ́ nílé ìwé mọ bí a ṣe ń fi ara gbọ́ láìfi etí gbọ́. Á jókòó gbagidi, á gbójú síwájú, bírò á máa lọ lórí ìwé, ọkàn rẹ̀ á sì ti jáde. Bí wíwò bá ti di ohun tí wọ́n ń fi gba ìyìn, wíwò ni wọ́n máa kọ́.

Orí mímì tún burú jù ú lọ. Olùkọ́ á ní "ṣé ó yé yín?", orí á máa mì káàkiri. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń mi orí yẹn ni ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ lójú, wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá mi orí, olùkọ́ á kọjá lọ. Ọmọ tó ń fajúro tàbí tó fọwọ́ lẹ́rán lè jẹ́ ẹni tó ṣì ń bá ìbéèrè jà, kò tíì gbà fún un. Èmi a máa fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyè.

Lẹ́yìn àlàyé, mo máa ń kọ ìbéèrè kékeré kan sójú pátákó kí gbogbo wọn ṣe é, mo á sì dákẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ara ọmọ máa ń sọ òtítọ́, torí kò sí ẹni tó ń ṣe é fún mi wò. Bírò ta ló ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó kọ ìbéèrè tán? Ta ló kọ ìlà kìíní tó wá dúró? Ta ló kọ́kọ́ wo ìwé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà tó fi ọwọ́ bo tirẹ̀? Ta ló ń fi ìka ka iye lábẹ́ tábìlì? Ibi tí ọmọ mẹ́fà méje bá dúró sí lórí ìlà kan náà, ibẹ̀ ni àlàyé mi ti já, mo á padà síbẹ̀.

* * *

Ó yà mí lẹ́nu pé gbogbo àríyànjiyàn wa dá lórí ojú, tí kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ọwọ́. Ọwọ́ ni mo máa ń wò jù.

Susan Goldin-Meadow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe ìwádìí lórí ọwọ́ àwọn ọmọdé láti àwọn ọdún 1980. Ọ̀kan nínú ìṣirò tí wọ́n máa ń lò jọ èyí: 3 + 4 + 5 = ? + 5. Ọ̀pọ̀ ọmọ á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á ní 17. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ní kí wọ́n ṣàlàyé, àwọn kan máa ń fi ọwọ́ gba abẹ́ àwọn iye tó wà lápá òsì àmì dọ́gba kọjá, wọ́n á tún fi gba abẹ́ èyí tó wà lápá ọ̀tún bákan náà, bí ẹni pé wọ́n mọ̀ pé apá méjèèjì gbọ́dọ̀ bára dọ́gba, nígbà tí ẹnu wọn ń sọ pé "mo rò wọ́n pọ̀ ni". Àwọn tí ẹnu àti ọwọ́ wọn kò bára mu yìí ni ẹ̀kọ́ máa ń tètè wọlé sí lára bí wọ́n bá kọ́ wọn.

Èmi náà ti rí irú rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ń ṣàlàyé fún mi pé ìdá kan nínú mẹ́jọ tóbi ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, "torí 8 ju 4 lọ". Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ya ọwọ́ méjèèjì jìnnà síra fún ìdá kan nínú mẹ́rin, nígbà tó dé orí ìdá kan nínú mẹ́jọ, ó fún ọwọ́ náà jọ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé. N kò sọ pé kò gbà á. Mo ní kó tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe bó ṣe ṣe é kí ó wò ó. Ó ṣe é díẹ̀díẹ̀, ó tẹjú mọ́ àlàfo tó wà láàárín ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Áà, àbí mẹ́rin ló tóbi?" Ó ti mọ̀ ọ́n, ẹnu ni kò tíì gbọ́.

Nítorí náà, ẹ má máa sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n gbé ọwọ́ lé orí tábìlì nígbà tí wọ́n bá ń ṣàlàyé. Tiyín náà, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́: ẹ fi ọwọ́ tọ́ka sí ohun tí ẹ ń dárúkọ, ní àkókò tí ẹ ń dárúkọ rẹ̀.

* * *

Ó kan ohun tí wọ́n ń rí lára yín.

Ní ìlú Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì, olùkọ́ ìṣirò kan tó ti fẹ̀yìn tì, Wilhelm von Osten, ní ẹṣin kan tí wọ́n ń pè ní Hans. Ó gbà pé òun ti kọ́ ọ ní ìṣirò. Wọ́n á bi í pé kí ni 3 pẹ̀lú 4, á fi pátákò kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀méje, á dúró. Ní 1904, ìgbìmọ̀ kan yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò rí ẹ̀tàn kankan. Oskar Pfungst, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, ló wá tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1907: bí ẹni tó ń béèrè kò bá mọ ìdáhùn, tàbí tí ẹṣin kò bá rí ẹni náà, ẹṣin kì í sábà gbà á. Ara ẹni tó ń béèrè ló ń wò. Bí iye bá ti pé, orí ẹni náà á gbé sókè díẹ̀, láìjẹ́ pé òun alára mọ̀, ẹṣin á sì dáwọ́ dúró. Von Osten kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ara rẹ̀ ló ń sọ ìdáhùn.

Bí ẹṣin bá lè ka èyí, kí lẹ rò pé ọmọ ọdún 12 máa ṣe? Ẹ wo ọmọ tó wà nídìí pátákó. Ó kọ 6, kò tíì gbé ẹfun kúrò, ó bojú wẹ̀yìn. Iwájú orí olùkọ́ hunjọ díẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò pa 6 rẹ́, ó kọ 8, ó tún bojú wẹ̀yìn. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ìṣirò wo ni ọmọ yẹn ṣe? Ọ̀pọ̀ ìgbà tí a bá ń sọ pé "ó mọ̀ ọ́n nínú kíláàsì, kí ló dé tó fi pàdánù rẹ̀ nínú ìdánwò?", ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Kò sí ojú wa nínú ìwé ìdánwò.

Ohun tí mo máa ń ṣe: bí ọmọ bá wà nídìí pátákó, mo máa ń lọ dúró sẹ́yìn kíláàsì, kí ó má baà rọrùn fún un láti kà mí. Mo sì máa ń béèrè "báwo lo ṣe mọ̀?" bó gbà á tàbí kò gbà á, ohùn kan náà. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó kùnà nìkan lẹ ń bi bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi mọ̀ pé ìbéèrè yẹn túmọ̀ sí "pa á rẹ́".

Àwọn kan ti ta kò mí lórí èyí tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ṣé olùkọ́ á wá di ère tí kì í rẹ́rìn-ín ni. Rárá o. Ẹ rẹ́rìn-ín sí ọmọ nígbà tó ń bọ̀ wá síwájú, ẹ rẹ́rìn-ín sí i nígbà tó ń padà lọ jókòó, bó gbà á bí kò gbà á. Ìdáhùn tó ń kọ lọ́wọ́ ni kí ẹ má fi ojú dájọ́ rẹ̀ kó tó parí.

* * *

Ìdákẹ́jẹ́ olùkọ́ náà ń sọ̀rọ̀. Mary Budd Rowe, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún gba ohùn inú kíláàsì sáyẹ́ǹsì sílẹ̀, rí i pé lẹ́yìn ìbéèrè, ìṣẹ́jú àáyá kan péré tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ sábà máa ń dúró kó tó tún sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ láti dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 3, ìdáhùn gùn sí i, àwọn tó máa ń dákẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, "n kò mọ̀" sì dín kù. Ó tún rí ohun kan tó ń dùn mí títí di òní: àwọn ọmọ tí olùkọ́ kà sí olóye ló ń dúró dè pẹ́ jù. Àwọn tó nílò àkókò ni kì í fún.

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ní 1968, Robert Rosenthal àti Lenore Jacobson tẹ ìwádìí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Kalifọ́níà jáde. Wọ́n kàn fi ọwọ́ mú bí ọmọ kan nínú márùn-ún láìwo òye wọn rárá, wọ́n sì sọ fún olùkọ́ pé àwọn wọ̀nyí máa tó tayọ. Nígbà tí ọdún parí, àwọn ọmọ náà, pàápàá ní kíláàsì kìíní àti ìkejì, ti lọ síwájú ju ẹgbẹ́ wọn lọ nínú ìdánwò òye. Àwọn olùwádìí mìíràn ti bá ìṣirò wọn jà gan-an láti ìgbà yẹn, n kò sì ní sọ pé gbogbo rẹ̀ dúró. Síbẹ̀, ẹ wo ọ̀nà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ: ta ni olùkọ́ dúró dè, ta ló rẹ́rìn-ín sí, ta ló sún mọ́, ta ló yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó dáhùn tán. Ìyẹn wà lọ́wọ́ wa láti tún ṣe lónìí, ẹnikẹ́ni ìbáà jàre nínú àríyànjiyàn wọn.

Ìkìlọ̀ kan: dídúró de ọmọ kan ṣoṣo pẹ̀lú gbogbo ojú kíláàsì lára rẹ̀ lè di ìyà. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí gbogbo wọn kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ pe ẹnìkan.

* * *

Ní kúkúrú lórí ibi tí olùkọ́ ń dúró sí: ẹ má dúró sójú kan nídìí pátákó. Raymond Adams àti Bruce Biddle, tí ìwádìí wọn jáde ní 1970, ṣàkíyèsí pé àwọn tó jókòó ní iwájú àti ní àárín ni ọ̀rọ̀ kíláàsì ń dá lé lórí. Bí olùkọ́ bá ń rìn, iwájú náà ń yí padà. Ọmọ tó ń pariwo, ẹ lọ dúró nítòsí rẹ̀ kí ẹ sì máa bá àlàyé lọ, ẹ má wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ má yọ sí ọmọ láti ẹ̀yìn. Àwọn kan wà tí jìnnìjìnnì máa bò, ẹ kò sì mọ ohun tí ojú wọn ti rí.

Fún àwọn tó ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń bi mí bóyá kí wọ́n fi dandan mú kí gbogbo ọmọ tan kámẹ́rà: ìdáhùn kan náà ni. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdáhùn ránṣẹ́. Ojú tó wà lórí kọ̀ǹpútà kò sọ ohun tó wà lọ́kàn.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí bíbá ọmọ wí lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, torí ohun tí ẹnìkejì yín ń ṣe gan-an nìyẹn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbà pé bí ojú bá ṣe le tó ni kíláàsì á ṣe tòrò tó. Jacob Kounin, tó kọ nípa ìṣàkóso kíláàsì ní 1970, fi fídíò wo àwọn olùkọ́ tó ń kẹ́sẹ járí àti àwọn tí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń báni wí kọ́ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tó yà wọ́n ni pé, ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kẹ́sẹ járí, àwọn ọmọ mọ̀ pé olùkọ́ ń rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo igun, ó sì tètè ń dá sí i kó tó ràn. Ojú tó ń rìn káàkiri dára ju ojú tó kan ọmọ kan mọ́lẹ̀ lọ.

Àmì tí ẹ bá sì fẹ́ máa lò, ẹ bá wọn ṣe àdéhùn rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀: ọwọ́ tí mo bá gbé sókè túmọ̀ sí ẹ dákẹ́, ìka lórí ìwé rẹ túmọ̀ sí tún ìlà yìí wò. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò mọ ohun tí ojú yín ń sọ. Ìbẹ̀rù nìkan ló máa rí níbẹ̀.

* * *

Ọmọbìnrin tó ń wo fèrèsé wá ńkọ́? Ó lè jẹ́ ìrònú ló ń ṣe é. Ó lè jẹ́ pé ilé ti kọ́ ọ láti má ṣe kojú àgbà, ọ̀pọ̀ ibi láyé ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tó ní autism (ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ láti kékeré) wà tí wíwo ojú ènìyàn máa ń ni lára gan-an, tí wọ́n sì ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ má fúnra yín sọ ọ́ di ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ bi í: "Níbo ló máa ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti wò tí o bá ń ronú?" Kí ẹ jọ fẹnu kò lórí àmì kan, bíi kó gbé bírò sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ti dàrú mọ́ ọn lójú.

Ọmọ tó yẹ kó kó yín láyà sókè ni èyí tó máa ń wò yín tẹ́lẹ̀ tó wá ṣàdédé dáwọ́ dúró. Ẹ tètè bá a sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀. Bákan náà ni ọmọ tó ń tẹjú mọ́ ètè yín jù, tó sì ń yí etí kan ṣoṣo síwájú. Ẹ sọ fún àwọn òbí rẹ̀ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ọmọ tó ń fún ojú pọ̀ kó tó lè ka pátákó, ojú rẹ̀ náà nílò àyẹ̀wò.

Ní ti ẹnìkejì yín, ẹ má bá a jiyàn níwájú àwọn ọmọ. Ẹ ní kí ó kọ orúkọ àwọn tó ń wò ó àti àwọn tí kò wò ó sílẹ̀ lọ́la nígbà tó bá ń ṣàlàyé. Bó bá parí, kó fún gbogbo wọn ní ìbéèrè kan ṣoṣo láti dáhùn sórí ìwé, kó sì kà á pẹ̀lú orúkọ wọ̀nyẹn níwájú rẹ̀. Kó ṣe é títí ọ̀sẹ̀ á fi parí, kó tó bá ọmọ kankan wí mọ́ lórí ibi tí ojú rẹ̀ wà.